Ọṣẹ dúdú tí mo rà nítòsí Ọjà Ọba, Àkúrẹ́

Ọrùn ọmọ mi ni mo fi mọ̀ pé ọṣẹ yìí kò jinná. Mi ò tíì da omi lé e lórí tó fi figbe ta: "Mọ́mì, ó ń ta mí!" Gbogbo ibi tí kànìnkànìn dé ló pọ́n bí ata. Ara rẹ̀ ń yọ̀ lábẹ́ ìka mi bí ẹja àrọ̀. Òróró ara rẹ̀ gan-an ni omi eérú inú ọṣẹ náà ń sọ di ọṣẹ.

Ìyá ọkọ mi ní, "Ìyàwó, fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, kíkan ní í pa títa." Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n fi omi nìkan fọ̀ ọ́. Lóòótọ́ ni ásíìdì (ohun kíkan bí omi ọsàn) àti béèsì (bí omi eérú) máa ń pa agbára ara wọn, àmọ́ ooru ń jáde bí wọ́n bá pàdé, ara tó ti bó kò sì lè gba ìyẹn. Mo ń da omi tútù sí i lọ́rùn fún 20 ìṣẹ́jú.

Ilẹ̀ mọ́, mo bu omi zobo tí kò ní ṣúgà sínú ife mẹ́ta láti dán ọṣẹ náà wò, torí àwọ̀ zobo máa ń yí padà bó bá pàdé ásíìdì tàbí béèsì. Èyí tí mo fún ọsàn sí pupa fòò. Èyí tí mo bu ọṣẹ dúdú mi àtijọ́ sí di àlùkò. Ti ọṣẹ tuntun gba àlùkò kọjá, ó di àwọ̀ ewé bí omi ẹ̀fọ́ tí a bọ̀. Gbogbo ọṣẹ tí a fi eérú sè ni béèsì, ó sábà máa ń tó 9 tàbí 10 lórí òṣùwọ̀n pH (7 ni àárín, ásíìdì ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, béèsì ló wà lókè), nígbà tí awọ ara wa wà ní nǹkan bíi 5. Ṣùgbọ́n èyí ti le jù.

Mo gbé ife náà lọ sí ìsọ̀ wọn. Ọmọbìnrin tó ń tajà ń tẹ fóònù. Mo kí i, kò dáhùn. "Àǹtí, awọ ọmọ yín ni kò lágbára. A kì í dá owó padà." Inú bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n, zobo dà sí mi láṣọ.

Ariwo mi ló mú màmá tó ni ìsọ̀ jáde láti ẹ̀yìnkùlé, eérú kún ọwọ́ wọn. Wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n gé ọṣẹ náà bíńtín, wọ́n fi kan orí ahọ́n, wọ́n tutọ́. "Ẹ má bínú, ọmọ mi. Eérú ti borí àdín."

Wọ́n mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń sè é. Èèpo kòkó ni wọ́n ń jó, eérú rẹ̀ wà nínú ìkòkò onihò, omi ń kán tó, tó, tó lábẹ́ rẹ̀, ó pọ́n bíi tíì. Ìyẹn ló ń mú ọṣẹ wa rọ̀, kò dà bí ọṣẹ líle tí wọ́n fi kọ́sítíìkì ṣe. Wọ́n ní eérú tuntun náà mú ju ti tẹ́lẹ̀, àdín tí wọ́n dà sí i kò tó láti jẹ ẹ́ tán, wọ́n sì ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí iná kó tó jinná. Wọ́n fi àdín kún un níṣojú mi, wọ́n ń rò ó títí di ìrọ̀lẹ́. Mo jókòó tì wọ́n. Wọ́n fún mi ní méjì, wọ́n kọ owó mi.

Mo kọ́kọ́ fi pa apá ara mi, lẹ́yìn náà ni mo tó fi wẹ ọmọ. Ó ń hó rùmùrùmù, kò ta á rárá, zobo náà dúró ní àlùkò. Mi ò tíì rí ọṣẹ tó dára tó o ní Àkúrẹ́.

Máàkì: 2 nínú 5. Màmá ní kí wọ́n kó ti àkọ́kọ́ kúrò nílẹ̀. Nígbà tí mo ń jáde, mẹ́ta ṣì wà lórí tábìlì ọmọbìnrin yẹn.