Pentax K1000, Canon AE-1 àbí Zenit E: èwo ni ká rà nínú kámẹ́rà fíìmù tòkunbọ̀?

Mi ò tíì ya fíìmù dé ìdajì lọ́jà Olúwo lọ́jọ́ náà tí kámẹ́rà mi fi dákẹ́. Tẹ́ ẹ bá mọ Ẹ̀pẹ́, ẹ mọ̀ pé ọjà ẹja yẹn kì í dúró de ẹnì kankan. Ìyá kan fọwọ́ méjèèjì gbé àrọ̀ ńlá kan sókè fún mi, àrọ̀ ń jà, omi ń ta sí wa lára, ó ní kí n yára. Mo tẹ bọ́tìnnì, kò dún. Mo tún un tẹ̀, kò dún.

"Ṣé o ti yà á?"

"Ẹ má bínú, mà. Bátìrì ló kú."

Ó wojú mi, ó wo kámẹ́rà, ó ju ẹja padà sínú ike. "Fóònù ọmọ mi ì bá ti yà á tán."

Canon AE-1 ni kámẹ́rà ọ̀hún. Bátìrì kan ṣoṣo ló ń lò, 4LR44, volt mẹ́fà. Tí bátìrì yẹn bá kú, kámẹ́rà kú nìyẹn. Mo wá a títí ní Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ náà, mi ò rí i rà. Bàbá kan tó ń tún aago ṣe ló gbà mí. Ó yí òkú bátìrì náà lọ́wọ́, ó ní, "Ọmọ mi, mẹ́rin ni wọ́n kó sínú ẹyọ kan yìí." Ó mú bátìrì bọ́tìnnì LR44 mẹ́rin, irú èyí tó máa ń wà nínú ohun ìṣeré ọmọdé, ó tò wọ́n léra kí gbogbo wọn lè kọjú sí ibì kan náà, ó fi bébà yí wọn po, ó fi sẹ́lótéèpù dì wọ́n. Ó tì í bọ inú kámẹ́rà. Kámẹ́rà dún.

Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀ ni pé àwọn tó máa ń bi mí léèrè kámẹ́rà tí wọ́n lè rà, orúkọ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń dá. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ohun méjì ló ń pa kámẹ́rà fíìmù: bátìrì tí a ò rí rà, àti ọ̀rinrin tó ń fẹ́ wá látorí ọ̀sà. Òun ni mo máa fi wọn àwọn mẹ́ta yìí.

Tí bátìrì bá kú, ṣé á ṣì ya?

Pentax K1000 àti Canon AE-1, ọdún kan náà ni wọ́n jáde, 1976, àmọ́ inú wọn ò jọra rárá. Nínú K1000, sípíríńgì àti gíà ló ń ṣí ṣọ́tà (ìlẹ̀kùn kékeré tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kan fíìmù) tó tún ń pa á dé. LR44 ẹyọ kan tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, mítà tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń bọ́. Ẹ yọ bátìrì náà dànù, kámẹ́rà á ṣì máa ya, láti ìṣẹ́jú àáyá kan títí dé ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún rẹ̀ (1/1000). Ní ti AE-1, iná ló ń pàṣẹ fún ṣọ́tà, kò sí iná, kò sí fọ́tò.

Kẹ́ ẹ má rò pé mò ń bú AE-1 o. Ẹ̀yin á yan bí ṣọ́tà ṣe máa yára tó, òun fúnra rẹ̀ á yan bí ihò lẹ́ǹsì ṣe máa tóbi tó, ìyẹn sì dùn gan-an níbi ìkómọ, níbi tẹ́nikẹ́ni ò ti ní dúró dè yín. Ẹni tó bá ti lè ra bátìrì rẹ̀ méjì-mẹ́ta sílẹ̀, kó rà á. Èmi ò kàn lè gbé ọkàn mi lé e mọ́.

K1000 náà ní ìwà kan tó ń bí mi nínú: kò ní ibi tí wọ́n ti ń pa mítà. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe ń wọ lẹ́ǹsì ló ń jẹ bátìrì. Ìdérí lẹ́ǹsì ni ẹ ó máa fi pa á. Ìdérí mi já bọ́ sómi ní etí ọ̀sà, fìlà àgbà kan ni mo fi ń bo lẹ́ǹsì fún bí ọ̀sẹ̀ méjì.

Zenit E, tí wọ́n ṣe ní Krasnogorsk lẹ́gbẹ̀ẹ́ Moscow láyé Soviet, ò mọ ohun tó ń jẹ́ bátìrì. Gíláàsì tó rí bí afárá oyin lókè lẹ́ǹsì rẹ̀ ni mítà rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ gan-an ló ń mú un ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ mítà yìí ló ti dọ̀lẹ lónìí. Ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ má rà á, torí kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ṣọ́tà.

Tí mítà bá ti kú, ẹ fi ojú wọn ìmọ́lẹ̀, bí àwọn bàbá onífọ́tò ṣe ń ṣe. Fíìmù ISO 200 (nọ́ńbà yìí ń sọ bí fíìmù ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó), oòrùn ọ̀sán gangan: ṣọ́tà ní 1/250, ihò lẹ́ǹsì ní 16 (bí nọ́ńbà bá ṣe tóbi tó ni ihò ṣe ń kéré tó). Tí ìkùukùu bá bo oòrùn, 8. Lábẹ́ ìbòòji, 4. Ẹ kọ ọ́ sára bébà kékeré kan, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn kámẹ́rà. Kódà tí mítà bá ń ṣiṣẹ́, ẹ má gbà á gbọ́ tán níbi àríyá. Ohun tí mítà mọ̀ ni kí gbogbo nǹkan wà ní àárín funfun òun dúdú. Tí ìyàwó bá wọ léèsì funfun, mítà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì sọ ojú ìyàwó di èédú. Ẹ fi ojú kan tàbí ojú kan ààbọ̀ kún ìmọ́lẹ̀ náà (láti 16 sí 11 lórí lẹ́ǹsì, ojú kan nìyẹn).

Bó ṣe rí lọ́wọ́ àti lójú

Ibí ni Zenit ti pàdánù. Ó wúwo bí òkúta ọlọ, inú ibi tẹ́ ẹ ti ń wo àwòrán ṣókùnkùn, ṣọ́tà rẹ̀ ò sì lè rọra ju 1/30 lọ, àfi kẹ́ ẹ fọwọ́ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́lẹ̀ fúnra yín. Fọ́tò àṣálẹ́ lórí ọ̀sà le fún un. Yàtọ̀ síyẹn, ẹ gbọ́dọ̀ ṣí lẹ́ǹsì rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu kẹ́ ẹ tó lè rí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ yà kedere, kẹ́ ẹ wá fọwọ́ yí i pa dà sí 8 tàbí 11 kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá gbàgbé, fọ́tò rẹ̀ á funfun báláú. K1000 àti AE-1 ń ṣe ìyẹn fúnra wọn.

Nínú K1000, abẹ́rẹ́ kan ló wà lápá ọ̀tún. Tó bá ti wà láàárín, ẹ tẹ̀ ẹ́. Mo fi kọ́ àbúrò mi láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún.

Lẹ́ǹsì, àti owó

Ohun tó ń mú kí wọ́n ṣì máa ra Zenit ni lẹ́ǹsì tó máa ń bá a wá, Helios 44-2, 58mm, f/2. Tẹ́ ẹ bá ṣí i sílẹ̀ tẹ́ ẹ fi ya èèyàn tí ewé wà lẹ́yìn rẹ̀, ewé náà á máa yí po bí omi tó ń ru. Àwọn kan ń ra odindi Zenit torí lẹ́ǹsì yìí, wọ́n á ju kámẹ́rà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́ǹsì onískúrù M42 ni, ó pọ̀ lọ́jà. Lẹ́ǹsì K ti Pentax, tí K1000 ń lò, náà pọ̀, wọ́n ṣì ń ṣe irú ẹnu rẹ̀ (ibi tí lẹ́ǹsì ti ń wọ ara kámẹ́rà) títí dòní. Lẹ́ǹsì FD ti Canon, tí AE-1 ń lò, dára, ṣùgbọ́n Canon fúnra rẹ̀ ti fi í sílẹ̀ látọdún 1987.

Ní ti owó, AE-1 ń gbówó orúkọ. Ó rẹwà lọ́rùn, àwọn ọ̀dọ́ orí Instagram sì ti gbé e ga ju bó ṣe yẹ lọ. K1000 náà ti ń gun òkè, torí pé ọ̀pọ̀ iléèwé fọ́tò nílẹ̀ òkèèrè ló fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Bẹ́ẹ̀ Pentax KM, tó jáde ní 1975, òun gan-an ni wọ́n yọ nǹkan díẹ̀ kúrò lára rẹ̀ tó fi di K1000. Ẹni tó ń tà á tí kò mọ orúkọ KM ò ní gbé owó gọbọi lé e. Ẹ wá a.

Olympus OM-1 kéré, ó fúyẹ́, mo fẹ́ràn rẹ̀ dénú. Ṣọ́tà rẹ̀ ò nílò bátìrì, ṣùgbọ́n bátìrì mákúrì ni wọ́n ṣe mítà rẹ̀ fún, wọn ò sì ṣe é mọ́ torí májèlé tó wà nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń lò sí ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀, nọ́ńbà 675, lè rọ́pò rẹ̀, àmọ́ kì í pẹ́ gbẹ. Nikon FM2 lágbára ju gbogbo wọn lọ, owó rẹ̀ ni ò jẹ́ kí n sọ ọ́ síbí.

Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì lọ

Mo ti Ẹ̀pẹ́ gba Ìtòìkín lọ sí Ìkòròdú lọ́dún tó kọjá torí Zenit kan tí wọ́n ní ó ṣì dà bí tuntun. Lóòótọ́, ìta rẹ̀ ń dán gbinrin. Mo yọ lẹ́ǹsì, mo ṣí ihò rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù láti ẹ̀yìn, mo wá fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó. Òwú tín-tìn-tín funfun ló ta kiri inú gíláàsì, bí òwú aláǹtakùn, ó bẹ̀rẹ̀ láti etí, ó ń bọ̀ láàárín. Fọ́ńgọ́ọ̀sì ni, ẹbí èyí tó ń wà lára búrẹ́dì tó ti bu. Ó ń jẹ àwọ̀ tí wọ́n fi pa gíláàsì. Ẹni tó ń tà á ní ìdọ̀tí lásán ni, pé kí n fi aṣọ nù ún. Inú gíláàsì ló wà, arákùnrin, ibo laṣọ fẹ́ gbà débẹ̀? Mo kí i pé ó dàbọ̀, mo wọ mọ́tò padà. Owó ọkọ̀ nìkan ni mo pàdánù.

Lẹ́yìn lẹ́ǹsì, ẹ ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà. Ẹ fi ìka kan fóòmù dúdú tó wà létí ìlẹ̀kùn. Tó bá lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́ bí ọ̀dà, ìmọ́lẹ̀ á máa wọlé. Ìyẹn ò le, ẹ lè gé fóòmù tuntun fúnra yín, àmọ́ ẹ fi ná owó rẹ̀ wálẹ̀. Tí OM-1 ni, ẹ wo inú ibi tẹ́ ẹ ti ń wò bóyá dígí rẹ̀ ti ní àpá, torí fóòmù kan wà lókè níbẹ̀ tó máa ń jẹ ẹ́.

Ẹ gbé ṣọ́tà sí ìṣẹ́jú àáyá kan (1/30 ni ti Zenit), ẹ tẹ̀ ẹ́. Etí yín á sọ fún yín bóyá ó pé tàbí ó ń fà. Ẹ wá gbé e sí 1/1000 (Zenit ò kọjá 1/500), ẹ kọjú rẹ̀ sí ojú ọ̀run, ẹ fi ojú sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Gbogbo ìgbà ló yẹ kẹ́ ẹ rí ìmọ́lẹ̀ tó tan kárí. Tí apá kan bá ṣókùnkùn, bẹ́ẹ̀ náà ni ìdajì fọ́tò yín ṣe máa ṣókùnkùn. Tí AE-1 bá ń hú ikọ́ fín-ín nígbà tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́, epo inú gíà dígí rẹ̀ ló ti gbẹ. Ó ṣe é tún ṣe, ṣùgbọ́n ẹ yọ owó oníṣẹ́ kúrò nínú owó tó pè. Ẹ wo ìdérí bátìrì rẹ̀ náà, ike ni, kì í pẹ́ kán.

Ẹni tó bá kọ̀ pé kẹ́ ẹ má ṣí ẹ̀yìn, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tẹ́ ẹ bá rí "untested", ìyẹn pé wọn ò tíì dán an wò, ẹ kà á sí pé ẹni tó ń tà á ti dán an wò, kò sì ṣiṣẹ́.

Fíìmù ni ìnáwó tòótọ́

Ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa ra kámẹ́rà. Fíìmù aláwòrán 36 lẹ ó máa rà títí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ya dúdú òun funfun, torí mo lè fọ̀ ọ́ nílé. Àwọn fọ́tò irun tí J.D. 'Okhai Ojeikere, onífọ́tò ọmọ Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní 1968, dúdú òun funfun náà ni, ta ló sọ pé wọn ò tó? Digirí 20 ni wọ́n sábà máa ń kọ sára kẹ́míkà pé kí omi rẹ̀ jẹ́, omi ẹ̀rọ Ẹ̀pẹ́ sì gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Píọ́ wọ́tà méjì látinú fíríìjì ni mo máa ń fi là á.

Tẹ́ ẹ bá ti gbé kámẹ́rà dé ilé, ẹ fi sínú ike onídèérí tó ń dé pinpin, pẹ̀lú àwọn pákẹ́ẹ̀tì kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun. Ẹ má fi pa mọ́ sínú àpò aláwọ tí wọ́n rán fún un. Awọ ń fa ọ̀rinrin, fọ́ńgọ́ọ̀sì sì fẹ́ràn ibẹ̀. Ẹni tó ń tà á máa sọ pé èènì ni àpò yẹn. Ẹ gbà á, ẹ kó owó ẹyọ sí i.