Àgbéyẹ̀wò: iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ láíbúrárì ń bá ẹni tó ń ṣe systematic review (ìwádìí tó ń kó gbogbo àpilẹ̀kọ lórí ìbéèrè kan jọ láti gbé wọn yẹ̀ wò) ṣe

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ìlà ọ̀rọ̀ àwárí, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń tẹ̀ sínú database (àkójọ àpilẹ̀kọ orí ayélujára) láti fi wá àpilẹ̀kọ, nìkan ló gba mẹ́ta nínú rẹ̀.

Má lọ bá òṣìṣẹ́ láíbúrárì lọ́wọ́ òfo. Mú ìbéèrè ìwádìí tí o ti là sí kókó-kókó dání, pẹ̀lú àpilẹ̀kọ mẹ́ta sí márùn-ún tó dá ọ lójú pé ó gbọ́dọ̀ wọlé. Ìwọ̀nyí ni wọ́n fi ń dán ìlà náà wò: bí ọ̀kan bá sọnù nínú èsì, ọ̀rọ̀ kan ṣì wà níta tí wọn ò tíì mú.

Gbogbo orúkọ tí àwọn òǹkọ̀wé ń pe kókó kan ni wọ́n ń fi OR (èyíkéyìí nínú wọn) so pọ̀, kí wọ́n tó fi AND (gbogbo wọn pa pọ̀) so kókó mọ́ kókó. Lórí PubMed, database àpilẹ̀kọ ìṣègùn, wọn kì í gbẹ́kẹ̀ lé MeSH (àmì kókó-ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àpilẹ̀kọ níbẹ̀) nìkan. Àpilẹ̀kọ tuntun lè ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lẹ MeSH mọ́ ọn, nítorí náà wọ́n á tún fi [tiab] wá ọ̀rọ̀ inú àkọlé àti ìsọníṣókí rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú rèé: ẹni tí kò fẹ́ ìwádìí orí ẹranko á kọ NOT animals[mh] (NOT ń yọ nǹkan kúrò, [mh] sì dúró fún MeSH), kò sì ní mọ̀ pé òun ti lé ìwádìí orí ènìyàn náà jáde, torí abẹ́ animals ni humans wà nínú MeSH. NOT (animals[mh] NOT humans[mh]) ni wọ́n máa ń kọ.

Ìlà PubMed kò ṣeé dà sínú Embase, database ìṣègùn mìíràn, bó ṣe wà. Emtree ni àmì kókó-ọ̀rọ̀ tibẹ̀ dípò MeSH, [tiab] á sì di :ti,ab. Àkámọ́ gan-an lè dá wàhálà sílẹ̀. A OR B AND C láìsí àkámọ́: láti òsì sí ọ̀tún ni PubMed ń kà á, AND ni Web of Science, database mìíràn, máa kọ́kọ́ mú. Ìlà kan náà, èsì ọ̀tọ̀tọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ka PRESS sí pàtàkì, ìyẹn kí òṣìṣẹ́ láíbúrárì mìíràn yẹ ìlà náà wò kí wọ́n tó lò ó. Bí wọn ò bá mẹ́nu bà á, ìwọ ni kó o béèrè.

Ní ti àpilẹ̀kọ tó wọlé lẹ́ẹ̀mejì, má fi bọ́tìnì kan ṣoṣo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ìsọníṣókí tí wọ́n kà ní àpérò lè ní àkọlé kan náà pẹ̀lú àpilẹ̀kọ gangan, kí sọ́fítíwia sì gbá èyí tí o nílò dànù. Kọ iye tó wà kí ẹ tó yọ wọ́n àti iye tó kù sílẹ̀, torí àwòrán PRISMA (ìlànà tí a fi ń jábọ̀ systematic review) á béèrè rẹ̀. PRISMA 2020 tún ní kí a gbé odindi ìlà kalẹ̀ fún gbogbo database, pẹ̀lú ọjọ́ tí a wá a kẹ́yìn. Gba ìlà náà lọ́wọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ tó ṣeé dà kọ. Fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà kò wúlò fún ẹni tó fẹ́ tún un ṣe.

Yíyan àpilẹ̀kọ ṣì wà lọ́rùn ẹni méjì nínú ẹgbẹ́ rẹ, kálukú láì wo ti ẹnìkejì. N ò torí ìyẹn yọ ìràwọ̀. Ohun tí mo torí ẹ̀ yọ ọ́ ni pé iṣẹ́ wọn sábà máa ń parí lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi fáìlì RIS (àkọsílẹ̀ àwọn àpilẹ̀kọ tí àwárí mú jáde) ránṣẹ́, bẹ́ẹ̀ àwárí tó bá ti lé lọ́dún kan kí àpilẹ̀kọ tó jáde, àfi kí a tún un ṣe. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti jọ fẹnu kò lórí ẹni tó máa tún un ṣe, àti bóyá orúkọ òṣìṣẹ́ náà máa wà lára àwọn òǹkọ̀wé.