Ẹrù tó kún ilé: ká tà á ni, àbí ká fi ṣe sàráà?

Bí Iléyá bá ti ń súnmọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń jẹyọ nílé wa ní Ìlọrin.

Títà ń mú owó wọlé, àmọ́ owó aṣọ àlòkù kì í tó nǹkan. Àǹkárá tí wọ́n ti rán mọ́ èèyàn lára kì í wu oníbàárà. Òfì tí wọ́n hun dáadáa ló ṣì ń níye lórí. Ti irin yàtọ̀: àwọn tó ń ra irin àlòkù máa ń wá gbé e lẹ́nu ọ̀nà, bó bá ṣe wúwo tó ni wọ́n ń sanwó.

Sàráà kò mówó wá, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan náà ni yàrá ń gbòòrò. Ó dùn mí pé àkísà ni àwọn kan ń kó fún ọmọ ilé kéwú. Kùránì (2:267) kìlọ̀ pé ká má fi ohun tí àwa fúnra wa kò ní gbà, àfi bí a bá dijú, ṣe ìtọrẹ. Ẹ fọ aṣọ tí ẹ fẹ́ fi ṣe sàráà, ẹ rán ibi tó ya, ẹ tú àpò rẹ̀ wò.

Bí owó ilé ìwé bá ń lé yín, tí ẹrù náà sì jẹ́ irin, òfì tàbí fírìjì, ẹ tà á. Bó bá jẹ́ aṣọ ọmọdé àti ìkòkò, tí ẹ kò ráyè dúró de oníbàárà, sàráà ló yá.