Àgádágodo irin U fún kẹ̀kẹ́: irin náà gbámúṣé, àwọn tó tà á ni mo ní í bá wí

Ọpẹ́lọpẹ́ àgádágodo yìí, ẹsẹ̀ ni ǹ bá máa fi rìn láti Ọ̀bà-Ilé lọ síbi iṣẹ́ báyìí. Gbogbo wa la mọ bó ṣe rí: irin tó tẹ̀ bíi lẹ́tà U, ọ̀pá kan tó dí i lẹ́nu, kọ́kọ́rọ́ méjì. ₦18,000 ni mo rà á ní Àkúrẹ́ níbí, pẹ̀lú okùn wáyà tí wọ́n fi rọ́bà bò. Obìnrin tó tà á búra fún mi pé kò sí olè tó lè gé wáyà yẹn.

Mo so kẹ̀kẹ́ mọ́ òpó irin kan nítòsí Ọjà Ọba, níwájú ṣọ́ọ̀bù aláṣọ. Irin U ni mo gbà yí rímù ẹ̀yìn, férémù àti òpó náà ká, mo wá fi wáyà de táyà iwájú. Kí n tó ra ata ra ẹja dé, táyà iwájú ti lọ. Wáyà náà ń bẹ nílẹ̀, wọ́n gé e bí ẹni gé okùn ẹran. Púláyà ńlá kan ti tó fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í pẹ́ rárá.

Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ kò kúrò níbẹ̀! Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo irin U náà dáadáa. Rọ́bà dúdú ara rẹ̀ ti bó níbì kan, ayùn irin sì ti fa ìlà funfun kan síbẹ̀ tí kò nípọn tó èékánná. Ibẹ̀ ló mọ. Wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ eyín ayùn tó kán wà lórí kọnkéré. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ọ̀rọ̀ táyà. Àfi ìgbà tí mo fẹ́ ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò rẹ̀ tí kò wọlé: olè náà ti ki irin pẹlẹbẹ kan sínú rẹ̀, ó sì kán an síbẹ̀.

Mo pe ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ tí mo rà á, wọ́n ní bó bá ní wàhálà, ọmọṣẹ́ àwọn á wá. Ọ̀rọ̀ ti yí padà. “Bọ̀ọ̀dá, ẹ kọ́kọ́ fi ₦5,000 ránṣẹ́ kó tó gun ọ̀kadà.” Mo ní, àǹtí, wáyà tí ẹ ní kò ṣeé gé ńkọ́? Ó ní òun ò sọ pé kò ṣeé gé, òun ní kò rọrùn ni. Bí mo ṣe fẹ́ fèsì, ó ti gé fóònù.

Mo lọ bẹ wẹ́dà kan. Bó ṣe gbé ẹ̀rọ fáìlìn jáde báyìí ni èrò pé jọ. Bàbá ọdẹ ọjà wá síwájú: “Ọmọ mi, má bínú o, ta ló mọ̀ ọ́ mọ kẹ̀kẹ́ yìí?” Mo yọ fóònù, mo fi àwòrán rìsíìtì mi hàn wọ́n, pẹ̀lú nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sábẹ́ férémù níbi tí pẹ́dàlì wà. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ kẹ̀kẹ́, wọ́n ka nọ́ńbà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó ní kí wẹ́dà máa bá iṣẹ́ lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn gan-an. Ká ní wọ́n bi olè yẹn bẹ́ẹ̀ ni!

Wẹ́dà gé ẹsẹ̀ kan irin náà, iná ń ta yẹ́riyẹ́ri, ó fẹ́ yí i, kò yí. Ẹsẹ̀ méjèèjì ló há sínú ọ̀pá, nítorí náà ó di dandan kó gé ìkejì. Kò sí àgádágodo tí fáìlìn ò lè gé tán, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ á pe gbogbo ọjà.

Mo gbé àfọ́kù irin náà lọ bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù. Àǹtí ò wò mí lójú. Ọ̀gá wọn ló dìde, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní òun á ta òmíràn fún mi ní ìdajì owó. Mo gbà, inú mi sì rọ̀ díẹ̀, àmọ́ ẹnì kankan ò sọ pé “ẹ má bínú” lórí ọ̀rọ̀ wáyà. Ní 2004, nígbà tí aráyé rí i pé bírò Bic lásán ń ṣí àgádágodo Kryptonite tí ihò kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ rí roboto, ilé iṣẹ́ náà ní Amẹ́ríkà pààrọ̀ rẹ̀ fún àwọn oníbàárà lọ́fẹ̀ẹ́. Bó ṣe yẹ kí ọlọ́jà ṣe nìyẹn. Ẹ̀yin náà, ihò roboto, ẹ má rà á.

Bí ẹ bá ń lo irin U, ẹ jẹ́ kó fún mọ́ kẹ̀kẹ́ àti òpó kí olè má ráàyè ki jáàkì bọ inú rẹ̀ láti fi fa irin náà ya, kó má kan ilẹ̀ kí wọ́n má baà fi òòlù lù ú mọ́lẹ̀, kí ojú ihò rẹ̀ sì dorí kodò nítorí òjò. Táyà iwájú, irin U kejì ni mo ń fi dè é báyìí.

Ìràwọ̀ 5 nínú 5.