Ìkìlọ̀: ẹ má sanwó bọ́dì ẹ̀yìn Peugeot 504 tí ẹ kò tíì rí abẹ́ rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń tún píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 ṣe nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan wà l'Ékòó tó ń ta odindi bọ́dì ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí. Ó ní tòkunbọ̀ ni, ó ní ọ̀nà Kútọnu ló gbà wọlé, ó ní irin rẹ̀ kò tíì dógùn-ún rárá, ó sì ní ìrókò gidi lòun tẹ́ sínú rẹ̀. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí àwọn tó rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ti ń gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà lẹ́yìn ilé mi n'Ìbàdàn pé kí n bá wọn dè é mọ́ ṣásí, ìyẹn egungun irin tó gbé ọkọ̀ ró. Nínú gbogbo èyí tí mo tú wò, n kò rí ẹyọ kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ojú ọjà mu.

N kò ní dárúkọ rẹ̀, torí orúkọ àti nọ́ńbà tó fi ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ kì í dúró sójú kan. Ọwọ́ tó ń lò ni kí ẹ dá mọ̀, nítorí àwọn mìíràn náà ti ń kọ́ ọ.

Ẹ wo fọ́tò tó máa ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp dáadáa. Òkè ló ti máa ń yà á, tàbí ẹ̀gbẹ́. Pákó á máa dán gbinrin, ọ̀dà ara rẹ̀ á tutù lójú, ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn á wà ní títì. Ẹ kò ní rí abẹ́ láéláé. Bí ẹ bá béèrè abẹ́, á ní, "Ọ̀gá mi, wọ́n ti to ẹrù lé e lórí, kò ṣeé gbé lónìí." Bí ẹ bá tún tẹnu mọ́ ọn, á ní ẹnìkan láti Abẹ́òkúta ti fẹ́ sanwó rẹ̀ kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Ìdá méje nínú mẹ́wàá owó ló ń gbà sílẹ̀, ó ní kí ẹ san ìyókù bí ọjà bá dé gáréèjì. Nígbà tó bá dé ọ̀hún, wọ́n á ti fi ọ̀rá àti páálí dì í láti òkè délẹ̀, dẹ́rẹ́bà á sì ní wọ́n sọ fún òun pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú u títí owó á fi pé. Ẹ má bá dẹ́rẹ́bà jà o. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́.

Mo mọ ìdí tí ọjà rẹ̀ fi ń yá. Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ tó wà ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Nàìjíríà, ọdún 1979 sì ni 504 oní-píkọ́ọ̀pù kọ́kọ́ jáde láti Faransé. Ọkọ̀ yìí ló kó kòkó jáde lóko, òun ló kó iṣu, òun ló kó epo pupa, òun náà ló gbé búlọ́ọ̀kù tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa fi kọ́lé. Kò sẹ́ni tó ń ṣe é mọ́. Ẹ ṣì lè rí páàtì ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní Ládípọ̀, ẹ lè rí i ní Gate níbí, ṣùgbọ́n bọ́dì ẹ̀yìn tó le dọ́gba ti di ohun àwátì, torí ibẹ̀ ni ìyà gbogbo ẹrù yẹn ti jẹ ọkọ̀. Nítorí náà, bí èèyàn bá rí ẹni tó ní òun ní odindi rẹ̀, ọkàn rẹ̀ á fò sókè, kò sì ní fẹ́ kó bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ìfẹ́ yẹn ni ọkùnrin yìí ń jẹ lé lórí, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi ń dùn mí.

Ti ẹ̀gbọ́n kan ní àdúgbò wa ló burú jù. Òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì ni wọ́n, ọkọ̀ náà sì jẹ́ ti bàbá wọn tó ti dolóògbé. Nígbà tí àwọn ọmọkùnrin fẹ́ gbé bọ́dì náà sọ̀kalẹ̀, àárín rẹ̀ tẹ̀. Mo ní kí wọ́n dúró. A dojú rẹ̀ dé sórí táyà, mo sì fi ẹ̀rọ tí a fi ń lọ irin kan ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀dà dúdú kan tó rí bíi kóótà ni wọ́n kùn sí gbogbo ibẹ̀, ó nípọn, ó sì ṣì ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Nígbà tí ó ṣí kúrò, páànù ìbolé la bá. Wọ́n gé e ní péńpé, wọ́n fi rìfẹ́ẹ̀tì kàn án lé ojú ihò tí ìpẹtà ti jẹ, wọ́n sì kùn ún mọ́lẹ̀. Àwọn irin ìdábùú tó yẹ kó gbé ẹrù ńkọ́? Méjì nínú wọn kì í ṣe irin ìdábùú rárá. Irin pẹlẹbẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ká, tí wọ́n fi iná jó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ní ojúàmì bíi mélòó kan. Mo fi òòlù kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó já.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rò ó wò. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe kó lè gbé bíi tọ́ọ̀nù kan ni. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ fi gbé búlọ́ọ̀kù lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé, àwọn lébìrà á sì jókòó lórí ẹrù bí a ṣe mọ̀ wọ́n. Bí ìsàlẹ̀ yẹn bá dá sílẹ̀ lójú títì Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, kì í ṣe owó là bá máa sọ.

Nígbà tí a yí i padà, a tú pákó. Wọ́n ti rì orí súkúrù wọlé, wọ́n fi pọ́tì (ohun rírọ̀ tí a fi ń dí ihò, tó máa ń le bó bá gbẹ) dí ojú rẹ̀, wọ́n sì fi fáníìṣì kùn ún kọjá, tí ẹni tí kò mọ̀ á fi rò pé pákó náà kò ní ojú ìdè. Ibí yìí ni mo ti lóye ìdí tó fi máa ń fún àwọn oníbàárà ní pákó láìjẹ́ pé wọ́n béèrè. Irin ni ìsàlẹ̀ bọ́dì 504, pákó tí a ń tẹ́ lé e kàn ń gbà á lọ́wọ́ ẹrù tó ń họ ọ́ ni. Ní tirẹ̀, pákó ló ń bo ihò. Kò fi àyè kankan sílẹ̀ láàárín pákó àti irin, ó tún dí àwọn ihò kéékèèké tí omi òjò ń gbà jáde. Omi á dúró síbẹ̀ láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá, á sì máa jẹ ìwọ̀nba irin tó kù.

Pákó náà kì í ṣe ìrókò. Ìdígbò ni, tí wọ́n fi ọ̀dà igi sọ di àwọ̀ ilẹ̀. N kò kórìíra ìdígbò o, igi dáadáa ni fún ìlẹ̀kùn àti fèrèsé, ṣùgbọ́n owó ìrókò ni ẹ̀gbọ́n san. Ohun tó tún burú níbẹ̀ ni pé bí omi bá wọ ìdígbò, ó máa ń tú omi aláwọ̀ ìyeyè tó ń ba aṣọ jẹ́, bí ó bá sì fara kan irin nínú ọ̀rinrin, igi á di dúdú, irin á sì tètè dógùn-ún. Àmì dúdú yẹn wà lẹ́yìn gbogbo pákó tí a tú. Ní ti ìrókò, bí ẹ bá gbé ayùn lé e, ẹ lè bá àwọn òkúta funfun kéékèèké nínú rẹ̀ tó ń mú kí ẹnu ayùn kú, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń kúrò ní pípọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bọ́ sí dúdú díẹ̀díẹ̀ bí oòrùn bá ń rí i. Ẹ mú pákó náà lọ bá àwọn oníṣòwò pákó ní Bódìjà, ojú lásán ni wọ́n fi máa dá a mọ̀.

Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà kò yàtọ̀. Pọ́tì ibẹ̀ nípọn tó ìka ọwọ́. Pọ́tì kì í ṣe irin, ó ń fa omi mọ́ra, ìpẹtà tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Kòtò ojú títì wa mélòó kan, yóò là. Nígbà tí a ha á dé ìsàlẹ̀, a bá ọ̀dà àtijọ́, a sì bá "Ẹ̀sọ̀ l'ayé" tí oníṣẹ́ ọnà kan ti fi ọwọ́ kọ síbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ọlọ́kọ̀. Tòkunbọ̀ láti ibo? Ilẹ̀ wa níbí ni bọ́dì yẹn ti ṣiṣẹ́ gbó.

Ẹ gbé òòfà dání bí ẹ bá ń lọ wo ọjà. Èyí tó wà lẹ́yìn sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́ tó. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé e kó má họ ọ̀dà, kí ẹ fi wọ́ gbogbo ẹ̀gbẹ́, pàápàá òkè ibi tí táyà wà àti igun ìsàlẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ibi tó bá ti jábọ́, pọ́tì ló wà níbẹ̀. Ẹ fi ìka gbá a: irin á dún gooro, pọ́tì á dún gbì. Kí ẹ dùbúlẹ̀ wo abẹ́ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ sì fi ẹnu súkúrù díráfà ha ibikíbi tí ọ̀dà dúdú bá ti pọ̀ jù. Bí ọ̀nà bá jìn, ẹ ní kó ṣe fídíò ojúkojú pẹ̀lú yín, kó gbé e nàró, kó sì tú pákó kan ṣoṣo níṣojú yín. Ẹni tó bá kọ̀ láti tú pákó kan ṣoṣo, ẹ má bá a ná an mọ́.

Àwọn kan á ní àwọn á kúkú ra irin tuntun kí wẹ́dà bá àwọn ṣe ìsàlẹ̀. Mo fara mọ́ ọn, èmi náà ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan náà ń ta irin pẹlẹbẹ pẹ̀lú, ó ní géèjì 18 ni. Géèjì 18 máa ń nípọn tó nǹkan bíi mìlímítà 1.2. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n. Odindi irin tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8, yóò wọn nǹkan bíi kílò 28 bó bá jẹ́ mìlímítà 1.2 lóòótọ́. Bó bá jẹ́ kílò 21, mìlímítà 0.9 ni wọ́n fún yín. Bó bá jẹ́ kílò 14, ìdajì ohun tí ẹ sanwó rẹ̀ lẹ gbà. Bó bá sì ń dán bíi páànù, tí àwọ̀ síńkì wà lára rẹ̀, ẹ sọ fún wẹ́dà kó lọ síńkì yẹn kúrò lójú ibi tó fẹ́ fi iná jó pọ̀, kó sì ṣe é níta gbangba. Èéfín rẹ̀ máa ń dá ibà síni lára.

Ẹ̀yin tí ẹ ti sanwó, ẹ má tíì tún nǹkan kan kùn. Ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ bí ẹ ṣe ń tú u, ẹ tọ́jú páálí àti wébíìlì, ẹ má sì pa ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ lórí fóònù rẹ́, títí kan ohùn tó gbà sílẹ̀ pé ìrókò ni, pé tòkunbọ̀ ni. Ẹ kọ̀wé ránṣẹ́ sí i pé ẹ fẹ́ gba owó yín padà, kí iye owó àti ọjọ́ hàn nínú rẹ̀. Ẹ tètè sọ fún báǹkì. FCCPC ni ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà. Bí ó bá jẹ́ pé Èkó ni oníṣòwò náà wà, kóòtù gbèsè kéékèèké ti wà níbẹ̀ láti 2018, fún gbèsè tí iye rẹ̀ dájú tí kò sì ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Òfin 2006 lórí fífi ẹ̀tàn gba owó sì wà, EFCC ló ń mójú tó o.

Ẹ̀gbọ́n kò tíì rí owó wọn gbà. A ti ń fi irin ìdábùú gidi tún ìsàlẹ̀ náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, a sì ń fi bóòtì de pákó tuntun kó lè ṣeé tú.

Bí ẹ bá rí èyí tó wù yín lọ́wọ́ oníṣòwò kankan, ẹ fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó sanwó. Abẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ yà, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ibi tí pákó ti pàdé irin, àti ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ní ṣíṣí. Màá wò ó, n kò sì ní gba owó kankan lọ́wọ́ yín.