DaVinci Resolve ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ oní-fídíò ìnáwó: kí àwòrán lọ́ra, kó sáré, kó padà sẹ́yìn

Ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà àti ìwúyè ni mò ń ya fídíò wọn, nítorí náà ẹ má retí ọ̀rọ̀ àwọn oní-sinimá lẹ́nu mi. Bí kílíìpù, ìyẹn ègé fídíò kan, ṣe ń yára tàbí lọ́ra nìkan ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, nínú DaVinci Resolve ọ̀fẹ́, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣàtúnṣe fídíò, tí Blackmagic Design ti Ọsirélíà ṣe.

Ọ̀nà tó yá jù ni kí ẹ mú kílíìpù, kí ẹ tẹ R, kí ẹ kọ iye tí ẹ fẹ́. 50% á sọ ìṣẹ́jú kan di méjì, 200% á sọ ọ́ di ààbọ̀. Ẹ máàkì Ripple kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè sún. Ctrl+R ló wù mí jù: ọfà kéékèèké á tò sára kílíìpù, ẹ ó lè pín in, kí ìyàwó wọlé bó ṣe ń rìn, kó lọ́ra níbi tí wọ́n ti ń ṣí ìbòjú, kó tún máa lọ.

Tí slow motion bá ń já gìjàgìjà, ẹjọ́ kámẹ́rà ni lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ẹ bá yà á ní fírémù (àwòrán ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó ń di fídíò) 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí ẹ wá fà á sí 50%, fírémù ò pọ̀ sí i. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á kàn hàn lẹ́ẹ̀mejì ni. Ẹ yà á ní 50, kí ẹ gbé e sórí timeline (ibi tí a ti ń to kílíìpù) 25, kí ẹ wá fà á sí 50%, á máa fà bí ọbẹ̀ ilá. Torí náà, kí ẹ tó kúrò nílé lẹ ti máa mọ ibi tí ẹ fẹ́ kó lọ́ra.

Bí fírémù ò bá tó, Resolve ní Optical Flow, tó máa ń ya fírémù tí kò sí fúnra rẹ̀. Ó dáa fún gèlè tí atẹ́gùn ń fẹ́. Àmọ́ níbi tí wọ́n ti ń náwó fún ìyàwó, tí ọwọ́ ń kọjá níwájú ojú, ìka á máa yọ́ mọ́ náírà. Frame Blend, tó kàn ń po fírémù tó tẹ̀ léra pọ̀, ni mò ń lò níbẹ̀, mi ò sì jẹ́ kó lọ́ra ju 70% lọ. Speed Warp, tó tún ń ya fírémù tí kò sí, wà nínú Studio, èyí tí wọ́n ń tà ní $295 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èmi ò tíì rí oníbàárà tó máa san owó yẹn padà fún mi.

Ohùn wá ńkọ́? Láìsí Pitch Correction, ní 50%, gángan á di ìyáàlù. Bí ẹ bá máàkì rẹ̀, ohùn á dúró síbi tó wà, ṣùgbọ́n oríkì tí onílù ń fi ìlù pè á gùn débi pé ọmọ ilé gan-an ò ní mọ̀ pé òun ni wọ́n ń kì. Ńṣe ni mo máa ń tú ohùn kúrò lára àwòrán, kí ìlù máa lọ ní eré tirẹ̀.

Reverse Speed ò le rárá. Ẹ máàkì rẹ̀, owó á ṣí kúrò níwájú orí ìyàwó, á padà sọ́wọ́ ẹni tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ẹ pa ohùn rẹ̀, torí ìlù tó ń sọ̀rọ̀ sẹ́yìn ò bá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń fi í rẹ́rìn-ín gan-an, àmọ́ bàbá ìyàwó kan ní kí n yọ ọ́ kíákíá: ṣé òun gba owó òun padà ni? Mo bá fi Shift+R dá àwòrán dúró níbi tí 1000 náírà ti kan iwájú orí ọmọ rẹ̀. Ìyẹn ló ní kí n fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp òun.