Ìṣirò elédè: ká fi ọpọlọ rò ó, àbí ká kọ x?

Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní ìṣirò nírọ̀lẹ́ ní Kabba kò yé bi mí ní ìbéèrè yìí. Ẹ wo ìṣirò elédè kan, ìyẹn ìṣirò tí a fi ọ̀rọ̀ gbé kalẹ̀: ewúrẹ́ àti adìẹ, 20 lápapọ̀, wà lágbàlá, ẹsẹ̀ wọn jẹ́ 56. Ewúrẹ́ mélòó ni?

Ẹni tó ń fọpọlọ rò ó á ka gbogbo wọn sí adìẹ: ẹsẹ̀ 40. Ó ku 16. Ewúrẹ́ fi ẹsẹ̀ 2 ju adìẹ lọ, ewúrẹ́ 8 nìyẹn. Kíá ni. Ẹni tó kọ x (iye ewúrẹ́ tí a ń wá) á ní 4x + 2(20 − x) = 56, 2x = 16, x = 8. Ó gùn díẹ̀, àmọ́ bí ìdá bá wọ ọ̀rọ̀, x kì í há sọ́nà.

Ewu x wà níbi ìtumọ̀. “Fi 4 dín x kù” ni ọmọ á kọ ní 4 − x dípò x − 4! Mo máa ń ní kí wọ́n pe mẹ́rìndínlógún: 20 − 4 ni, kì í ṣe 4 − 20. Ẹnu wa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Nínú ọbujẹ́tíìfù WAEC, ìbéèrè 50 ní wákàtí kan àbọ̀, ẹ fọpọlọ sáré. Ní tíọ́rì, ẹ kọ x: ìgbésẹ̀ ní máàkì tirẹ̀, bí ìdáhùn tilẹ̀ ṣì.